Ẹ̀jẹ̀, Ipò Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Ilé: Àtúnyẹ̀wò Èrò Kan nípa Iṣẹ́ Àyàn

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a ti kọ nípa ìlù Yorùbá, èrò kan kì í wọ́n: pé ẹni tí a bí sí ìdílé Àyàn ni ìlù tọ́ sí. Orúkọ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Àyánkúnlé, Àyándélé, Àyánwálé: ẹni tí ó bá gbọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé náà. Ẹ̀rí yìí lágbára, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e kọjá ibi tí ó lè dé. Orúkọ a máa sọ ilé tí ọmọ ti wá; kì í sọ ẹni tí yóò di ọ̀gá onílù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ méjì ṣe àpẹẹrẹ nínú ilé tí wọ́n ti ń lu dùndún. Àyánbùnmi, ọmọbìnrin, ni àkọ́bí. Àyándélé ni wọ́n bí tẹ̀lé e. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó wà lára wọn, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ìlù. Síbẹ̀, àbúrò ni baba sábà máa ń mú dání lọ sí òde àríyá. Kí ó tó bàlágà, ó ti mọ ìgbà tí baba fẹ́ yí ohùn padà kí baba tó yí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ oríkì tí ìyáàlù ń kì, ó sì lè túmọ̀ rẹ̀ fún àlejò, àmọ́ kò sí ẹni tí ó fi kọ̀ǹgọ́ lé e lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń yan onílù, tàbí ipò àkọ́bí, Àyánbùnmi ni ì bá gba kọ̀ǹgọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó ya àwọn méjèèjì nípa. (Àwọn obìnrin tí wọ́n ń lu dùndún ní gbangba lónìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tó láti fi hàn pé kọ̀ǹgọ́ kò kọ ọwọ́ obìnrin.)

Kúbà ni a ti lè dán èrò ẹ̀jẹ̀ yìí wò dáadáa, nítorí pé òwò ẹrú fọ́ ìdílé onílù níbẹ̀. Fernando Ortiz kọ ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sílẹ̀ pé, ní nǹkan bí ọdún 1830, Añabí àti Atandá, ọmọ Áfíríkà méjì, ni wọ́n ṣe bàtá àkọ́kọ́ tí a yà sí mímọ́ ní Havana. Àwọn tí ń lù ú ní erékùṣù náà ń jẹ́ omo Añá, ṣùgbọ́n ìbúra ni ó sọ wọ́n di ọmọ. Ipò àgbà kò parẹ́ o. Ọjọ́ tí ènìyàn búra ni wọ́n ń kà bí ọjọ́ ìbí rẹ̀, débi pé ọ̀dọ́kùnrin lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ẹni tí ó ti hu ewú. Orí okónkolo, ìlù tí ó kéré jù, ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kan itótele àti iyá. Wọn kò sì jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan ìlù mímọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ti lọ, ètò àgbà àti èwe ṣẹ́kù, ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ obìnrin náà sì ṣẹ́kù.

Ìwé àkójọ tí Amanda Villepastour ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2015, The Yorùbá God of Drumming, kó ìhà méjèèjì Òkun Àtìláńtíìkì pọ̀ sójú kan. Lẹ́yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti gba ìwádìí tí ó fi orúkọ ìdílé nìkan parí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá òkè òkun gan-an. Ọmọ tí ń jẹ́ Àyándélé lè dàgbà ní London láìgbọ́ ìlù kankan nílé, kí wọ́n sì máa rò pé ìlù ti wà lára rẹ̀. Ọmọ mìíràn tí kò ní Àyàn lórúkọ lè jókòó ti onílù fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n sì máa pè é ní àlejò. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùwádìí bi onílù ju ti orúkọ baba rẹ̀ lọ: ọmọ mélòó ni ẹ jẹ́ nílé, ta ni ó kọ́kọ́ gbé omele, ta ni wọ́n sì fi sílẹ̀ nílé nígbà tí baba ń lọ sí òde?