Ọ̀ràngún nínú Ìwé Johnson: Lámèyítọ́ lórí Àkọsílẹ̀ Ogun Kírìjì

Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ méjì fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú kíláàsì wa ní Ìlá. Ìkìrun ni ọ̀kan ti wá, ọmọ Ìlá ni èkejì. Ìtumọ̀ orúkọ Ogun Jálumi ni mo bi wọ́n. Ọmọ Ìkìrun fi ẹ̀rín dáhùn pé àwọn ọ̀tá ìlú òun ni wọ́n sá títí tí wọ́n fi já lu omi Ọ̀tìn. Ọmọ Ìlá kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Àwọn wo ni ọ̀tá náà, sà?' Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, nítorí pé láti èbúté Ìkìrun àti Ìbàdàn ni ìwé tí gbogbo wọn kà ti ń wo odò náà.

Ìbéèrè ọmọ yìí ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti yẹ The History of the Yorubas, ìwé tí Samuel Johnson kọ, wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìsọ̀tàn: ibo ni asọ̀tàn dúró sí, ta ni ó fún ní ohùn, ta sì ni ó kàn dárúkọ lásán? A kò wá pe Johnson ní òpùrọ́. Bí kò bá sí iṣẹ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni ì bá ti bá àwọn àgbà wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ìwé kan gẹ́gẹ́ bí odindi òtítọ́ kò tíì kà á.

Asọ̀tàn àti ibùdúró rẹ̀

Ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí Johnson ní 1846. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Ìbàdàn ní 1857. Ọ̀yọ́ ni ó ti ṣe àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà títí ó fi kú ní 1901. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tí a fi rí i tẹ̀ jáde ní 1921. Nítorí náà, ọwọ́ méjì ni ó wà nínú ìwé yìí, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé èyí bí a bá ń ṣe àtúpalẹ̀ èdè rẹ̀.

Johnson kò fi orísun ìtàn rẹ̀ pa mọ́. Fún ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹnu àwọn akéwì ààfin ni ó ti gbọ́ ọ, àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ sì ni olórí wọn. Fún ìgbà tó sún mọ́ tirẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ni ó bi léèrè. Òun pàápàá wà lára wọn: òun ló mú lẹ́tà Aláàfin Adéyẹmí lọ bá gómìnà Èkó ní 1881, òun àti àlùfáà Charles Phillips ni gómìnà Moloney sì tún rán níṣẹ́ àlàáfíà ní 1886. Ẹlẹ́rìí ni, oníṣẹ́ ni, aṣojú ni. Ẹni tó bá rántí èyí kò ní yà á lẹ́nu pé 'Yorùbá' nínú ìwé náà sábà máa ń túmọ̀ sí Ọ̀yọ́ àti àwọn ọmọ Ọ̀yọ́, tí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà sì ń dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n pè sí àsè ṣùgbọ́n tí wọn kò fún ní àga.

Ìpín ogún

Ibi tí Ọ̀ràngún ti kọ́kọ́ yọjú nínú ìwé náà ga púpọ̀. Nínú ìtàn àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà, méje ni Johnson kà: Olówu, Alákétu, Ọba Ìbíní, Ọ̀ràngún Ìlá, Oníṣàbẹ, Olúpópó àti Ọ̀rányàn. Wọ́n pín ogún bàbá ńlá wọn. Ọba Ìbíní kó owó, Olúpópó kó ìlẹ̀kẹ̀, Oníṣàbẹ kó ẹran ọ̀sìn, Olówu kó aṣọ, Alákétu kó adé. Àwọn ìyàwó ni wọ́n fún Ọ̀ràngún. Ọ̀rányàn tó jẹ́ àbíkẹ́yìn lọ sógun, nígbà tó sì dé, ilẹ̀ nìkan ni ó kù fún un. Ó gba ilẹ̀, gbogbo àwọn yòókù sì di ayálégbé lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń sáré kọjá rẹ̀ bí àlọ́. Ìtàn yìí kì í ṣe àlọ́. Ìwé ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ni, ẹnu arọ́kin ni a sì ti kọ ọ́. Adé kò jẹ́ nǹkan kan níbẹ̀, owó kò jẹ́ nǹkan kan, nítorí pé ẹni tó ni ilẹ̀ ni ó ni ẹni tó dé adé lórí ilẹ̀. Ọ̀ràngún gba ìyàwó: a bu iyì ọmọ púpọ̀ fún un, a sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àṣẹ. Bí a bá mú ìtàn yìí lọ sí ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí Ìbàdàn ti ń fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìgbómìnà, a ó rí i pé àlàyé ti wà nílẹ̀ kí ẹjọ́ tó dé. Ayálégbé tó bá kọ owó ilé, ta ni yóò gbè é?

Aláàbò tàbí pàṣán

Ìdájọ́ Johnson lórí Ìbàdàn ní ojú méjì. Ó rí ìlú náà bí èyí tí Ọlọ́run yàn láti dá ogun Fúlàní Ìlọrin dúró, ó sì gbà bákan náà pé aláàbò yìí tún jẹ́ pàṣán fún ilẹ̀ Yorùbá. Mo ka èyí sí òótọ́ inú. Kò bo ìwà ìkà àwọn ajẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀; ó sọ ohun tí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Oyèpẹ̀tun, ṣe ní Òkèmẹ̀sí tí Fábùnmi fi pa á ní 1878, ó sì sọ bí iná ọ̀tẹ̀ ṣe ràn láti ìlú dé ìlú.

Ibi tí ó kù sí ni pé kò pín àánú àti pàṣán náà síbi tí oníkálùkù ti gbà wọ́n. Òṣogbo gba àánú ní nǹkan bí 1840, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin níbẹ̀. Ìkìrun náà gbà á ní ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, 1878, nígbà tí Balógun Ajàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n wá gbà á lọ́wọ́ ogun Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá. Ìlá ní tirẹ̀ gba ajẹ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí jagunjagun Ìlá bá ọmọ ogun Ìlọrin dúró lẹ́yìn odi Ìkìrun, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bí ìwé ṣe fi hàn. Ìlọrin yìí kan náà ni ọ̀gá lórí ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà ní àríwá, ní agbègbè Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Sàárẹ́. Ọ̀rẹ́ Ìlá ni ọ̀gá àwọn ìbátan Ìlá. Kí ni wọ́n sọ fún ara wọn lálẹ́ kí wọ́n tó dì í? Ìwé tó mọ iye lẹ́tà tó ti Èkó dé Ìbàdàn kò wọ inú ilé yìí rárá. Ààlà Ọ̀ṣun àti Kwara tó pín Ìgbómìnà sí méjì lónìí kò sì mú iṣẹ́ olùwádìí rọrùn.

Orúkọ tó bo orúkọ

Èkìtìparapọ̀ ni a ń pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó dojú kọ Ìbàdàn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ìró ìbọn ńlá ti fún òkè náà ní orúkọ Kírìjì. Orúkọ rere ni, ó so ìlú tí kò fìmọ̀ ṣọ̀kan rí pọ̀. Ṣùgbọ́n ó bo Ìgbómìnà mọ́lẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ní Frederick Haastrup àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó, àwọn tó mọ̀wé, tó lè kọ lẹ́tà sí gómìnà, tó sì lè fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́. Haastrup yìí ni ó padà di Ọwá Ajímọ́kọ̀ ní 1896. Lójú tèmi, ibi tí takọ̀tábo lẹ́tà wà ni òpìtàn ń rìn sí. Ìlá jà, kò kọ lẹ́tà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wá lẹ́yìn Johnson ti yí ojú ìwòye náà padà. Ìwé S. A. Akíntóyè, Revolution and Power Politics in Yorubaland (1971), gbé àga lọ sí àgọ́ Èkìtìparapọ̀. Wálé Ògúnyẹmí, ọmọ Ìgbájọ, kọ eré onítàn Kiriji ní 1976. Pemberton àti Fúnṣọ́ Afọláyan kọ odindi ìwé lórí ipò ọba ní Ìlá ní 1996. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ náà, Yorùbá ni ó fi bi mí.

Ìwé àdéhùn

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án, 1886, wọ́n fi ọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà lójú ogun. Johnson tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, ọpẹ́ ni fún un. Níbẹ̀ ni Ọ̀ràngún ti tún jókòó pẹ̀lú Ọwá Iléṣà, Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn àti Ajerò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ọba mẹ́rin tí ogun náà jẹ́ tiwọn. Láti ẹni tó kó ìyàwó dé ẹni tó gba òmìnira: ojú ewé tó wà láàárín méjèèjì pọ̀, ohùn rẹ̀ nínú wọn kò tó nǹkan.

Abala kan nínú àdéhùn náà fi Ọ̀tan, Ìrẹsì, Àdá àti Ìgbájọ sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sí ilẹ̀ Èkìtìparapọ̀ máa lọ. Nínú ìwé, gbólóhùn òfin kan ni èyí. Ní agbègbè wa, àwọn ìlú tí a ń ná ọjà wọn ni, tí a ń fẹ́ ọmọ wọn, tí ọmọ wọn sì ń jókòó nínú kíláàsì mi. Ẹnì kan ní láti di ẹrù rẹ̀, ẹlòmíràn ní láti wo ẹni tó ń di ẹrù. Johnson kò bá wọn dé ẹnu ọ̀nà.

Àdéhùn wà, àgọ́ kò sì tú. Ó di 1893, nígbà tí gómìnà Carter dé, kí àwọn ọmọ ogun tó padà sílé. Lẹ́tà, ìránṣẹ́ àti ìjíròrò láàárín Èkó, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson fi kún ọdún méje náà dáadáa. Ta ni ó ń ro oko ní Ìlá ní gbogbo ọdún náà, tí ó sì ń ru iṣu lọ sí Ìmẹ̀sí?