Àmì Oníṣẹ́ Lára Àwòrán: Olùṣọ́ Ni Tàbí Ẹlẹ́rìí?

Àwòrán méjì wà níwájú mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ kan náà ni ó ya méjèèjì, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní Bétérou níhìn-ín, ẹni tí ó máa ń fi ìka ya àwòrán lójú fóònù. Ti àkọ́kọ́ fi obìnrin mẹ́ta hàn létí odò Ouémé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Méjì ru igbá omi; ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi, òjìji rẹ̀ sì nà títí ó fi dé ẹsẹ̀ àwọn méjì yòókù. Ọmọ náà kò kọ orúkọ sí i níbì kankan. Ti èkejì fi ẹlẹ́ṣin kan hàn lọ́jọ́ ọdún Gaani. Lórí èyí, ó fi lẹ́tà pupa ńláńlá kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta: ó gba ojú ọ̀run kọjá, ó gba àyà ẹlẹ́ṣin kọjá, ó sì bo ojú ẹṣin. Láàrin àwòrán kìíní àti èkejì ni olè ti wọlé.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì. Ọmọ náà gbé àwòrán odò sórí WhatsApp, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ tiwọn, kò sì pẹ́ tí ó fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ibi tí ó ti wá. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni a rí i lára ìwé ìpolówó ayẹyẹ kan ní ìlú mìíràn, orúkọ ẹlòmíràn sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán. Nígbà tí ọmọ náà kọ̀wé láti béèrè, ìbéèrè ni wọ́n fi dá a lóhùn: ta ni ó mọ̀ pé ìwọ ni o yà á? Kò rí èsì fọ̀ sí i. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi lẹ́tà pupa bo iṣẹ́ rẹ̀. Mo wo àwòrán ẹlẹ́ṣin náà dáadáa, mo sì rí i pé iṣẹ́ tí ó dára ju ti odò lọ wà lábẹ́ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ojú dé ibẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni olè náà gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí: ọ̀kan ni ó gbé lọ, èkejì ni ó bà jẹ́ láìfọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nìyí: irú àmì wo ni ó yẹ kí oníṣẹ́ ọnà fi sára iṣẹ́ tí yóò gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí sì ni a lè retí lọ́wọ́ àmì náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé olùṣọ́ ni àmì, pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti lé olè padà. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹlẹ́rìí ni àmì. Kò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú àgbà, òun ni yóò là á. Ẹni tí ó bá rán ẹlẹ́rìí ní iṣẹ́ olùṣọ́ yóò pàdánù ẹ̀rí, kò sì ní rí ẹni ṣọ́ ilé.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe bébà ni a ti yá orúkọ tí èdè Faransé ń pe irú àmì yìí, filigrane. Ní ìlú Fabriano ní ilẹ̀ Ítálì, láti nǹkan bí ọdún 1282, ni wọ́n ti ń mú wáyà tí a ti tẹ̀ ní àwòrán mọ́ ara asẹ́ tí a fi ń ṣe bébà. Ibi tí wáyà bá wà, bébà á fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Bí a bá sì gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, àwòrán náà á yọ. Ẹ gbé owó CFA 10.000 kan sókè síwájú oòrùn, ẹ ó rí irú rẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun méjì. Àkọ́kọ́, àmì náà kò dí ẹni tí ń kọ̀wé tàbí ẹni tí ń kàwé lọ́wọ́. Èkejì, inú ara bébà ni ó wà, kì í ṣe ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ọ́ yóò fa bébà ya. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn lẹ́tà pupa ọmọ wa, ó kùnà nínú méjèèjì: ó dí awòràn lọ́wọ́, orí àwòrán ni ó sì wà, kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn ìyá wa tí ń na ọjà aṣọ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Vlisco, ilé iṣẹ́ aláǹkárá ilẹ̀ Họ́láńdì tí a dá sílẹ̀ ní Helmond ní ọdún 1846, máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí etí aṣọ, etí yìí ni olùrajà sì kọ́kọ́ ń wò. Àwọn aláfarawé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ bí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ sí etí aṣọ tiwọn. Nítorí náà, ìyá tí ó mọ aṣọ kì í dúró ní etí. Á fi ọwọ́ pa á, á yí i padà láti wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ mú ẹ̀yìn bí ó ti mú ojú. Àmì etí wúlò, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó gbára lé.

Bí ó ti rí lọ́jà ni ó rí lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí kan ní Google fi hàn pé bí ilé iṣẹ́ kan bá lẹ àmì kan náà mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán, kọ̀ǹpútà lè fi àwọn àwòrán náà wé ara wọn, kí ó mọ ohun tí kò yí padà nínú gbogbo wọn, kí ó sì yọ ọ́ kúrò. Wọ́n tún fi hàn pé bí àmì náà bá ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀ láti àwòrán kan sí òmíràn, kì í ṣe é yọ tán mọ́. Ipa rẹ̀ á ṣẹ́ kù. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí kò bá yí padà rárá ni olè ń kọ́ sórí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ń lo lẹ́tà kan náà, àwọ̀ kan náà, ní ibì kan náà ń kọ́ olè ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Ṣé àmì kò wá wúlò nìyẹn? Ó wúlò, bí a bá fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Getty Images, tí ń ta fọ́tò, pe Stability AI lẹ́jọ́ pé ó kó àwọn fọ́tò òun láti fi kọ́ ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán. Lára ẹ̀rí tí ó mú wá ni àwọn àwòrán tí ẹ̀rọ náà yà, tí ohun kan tí ó jọ àmì Getty yọ lára wọn, ní wíwọ́, bí àpá tí kò jinná dáadáa. Àmì náà kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ dé, ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Bí ẹlẹ́rìí bá wà, tí kò sì bá iṣẹ́ rìn ńkọ́? Seydou Keïta ṣí ilé fọ́tò ní Bamako ní ọdún 1948, àwọn ará ìlú sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí ó dára jù. Ó ní òǹtẹ̀ orúkọ tí ó ń tẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò. Ní ọdún 1991, a pàtẹ díẹ̀ nínú àwọn fọ́tò rẹ̀ ní New York, nínú ìpàtẹ tí a pè ní Africa Explores. Láti ara négatif ni a ti tẹ̀ wọ́n, òǹtẹ̀ ẹ̀yìn bébà kò sì sí lára négatif. Ohun tí a kọ sábẹ́ wọn ni pé a kò mọ ẹni tí ó yà wọ́n. Keïta sì wà láàyè ní Bamako lọ́jọ́ náà! Nígbà tí André Magnin gbéra láti Paris lọ wá oníṣẹ́ náà, àwọn ará Bamako ni wọ́n tọ́ka ilé rẹ̀ fún un. Ní ọdún 1994, Fondation Cartier ní Paris pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Òǹtẹ̀ ti sọnù lójú ọ̀nà; ìrántí àwọn aládùúgbò kò sọnù.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn baba wa kì í kọ orúkọ sára iṣẹ́, pé ti gbogbo ìlú ni ọnà, kí a má fi ìwà òde òní bà á jẹ́. N kò gbà. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ dé ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, ó sì wà ní British Museum títí di òní. Kò sí lẹ́tà kan lára rẹ̀ tí ó pe Ọlọ́wẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì wà lára rẹ̀: àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yọ síta láti ara pákó ju bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe lọ, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa rìn. Orúkọ náà sì wà ní ẹnu. Ní ọdún 1988, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton. Nítorí náà, kì í ṣe pé iṣẹ́ wa kò ní olórúkọ. Ẹni tí ó gbé e lọ ni kò béèrè. Síbẹ̀, kí a má fi èyí yangàn jù. Bí ìyá náà bá ti kú kí ìbéèrè tó dé, èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ì bá bá a lọ. Lámídì Fákẹ́yẹ, tí ó jáde láti ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó sì kú ní ọdún 2009, gbẹ́ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sára iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ó ti ba ọnà Yorùbá jẹ́.

Pẹ̀lú èrò yìí ni èmi àti ọmọ náà fi jókòó ti fóònù rẹ̀. Mo ní kí ó kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà kúrò, nítorí pé ìpolówó ni, kì í ṣe àmì. Mo ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ohun tí ẹlòmíràn kò ní. Ó ya lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, ó fà á gùn bí ọrùn akèrègbè. Ó fi í pamọ́ ní fáìlì PNG tí kò ní àwọ̀ lẹ́yìn, kí ó lè gbé e lé iṣẹ́ èyíkéyìí. Ó gbé e sórí ìpele tirẹ̀, ó sì dín àwọ̀ rẹ̀ kù títí ó fi dà bí èéfín. Ibi tí yóò wà ni a jiyàn lé lórí. Ó fẹ́ igun ìsàlẹ̀. Mo ní igun ni ó rọrùn jù láti gé sọnù. Ó fẹ́ ojú ọ̀run; mo ní níbi tí àwọ̀ bá tẹ́ lọ bẹẹrẹ, nínu ni àmì ń nù kúrò. Níkẹyìn, ó fi í sáàárín ọnà aṣọ ẹṣin, ó sì tún fi í sínú eruku tí pátákò ẹṣin rú sókè, ní títẹ̀ díẹ̀. Ní báyìí, a ń rí ẹṣin kí a tó rí àmì, ẹni tí ó bá sì fẹ́ yọ ọ́ ní láti tún aṣọ ẹṣin náà yà. Ẹ̀rọ òde òní lè bá a ya aṣọ náà, mo mọ̀. Ìdí nìyí tí ẹlẹ́rìí kan kò fi tó.

Ẹlẹ́rìí kejì ni fáìlì tí a kò gbé síta. Ẹ̀dà kékeré ni kí oníṣẹ́ máa fi han ayé. Kí ó pa ojúlówó mọ́ pẹ̀lú gbogbo ìpele rẹ̀, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó parí rẹ̀, kí ọjọ́ náà wà lákọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá jí èso kò lè fi gbòǹgbò hàn. A tún lè kọ orúkọ sínú àlàyé tí fáìlì gbé sínú, ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń yọ ọ́ dànù nígbà tí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni òfin. Òfin 2005-30 ti oṣù kẹrin ọdún 2006, lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní ilẹ̀ Benin, fún ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ìgbà tí ó ti ṣe é, ẹ̀tọ́ pé kí a dárúkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àmì kọ́ ni ó ń bí ẹ̀tọ́. Ẹ̀rí ni ó ń jẹ́ fún un.

Ẹ̀kẹrin ni àwa fúnra wa. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mélòó nínú wa ni ó ń béèrè ẹni tí ó ya àwòrán kí a tó fi í ránṣẹ́ láti ẹgbẹ́ WhatsApp kan sí èkejì, tàbí kí a tó fi í sára ìwé ìkéde ọdún? Èmi náà ti lẹ àwòrán tí n kò mọ olúwa rẹ̀ mọ́ ìwé ẹ̀kọ́ tí mo pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwa ni a ń sọ oníṣẹ́ di ẹni tí a kò mọ̀. Àbá mi ni pé kí àwòrán kankan má ṣe jáde nínú ìwé ìròyìn yìí mọ́ láìsí orúkọ ẹni tí ó yà á lábẹ́ rẹ̀, kí olúkúlùkù wa sì máa kọ orúkọ náà nígbà tí ó bá ń fi àwòrán ránṣẹ́. Oríkì ayàwòrán òde òní ni ìlà kékeré yẹn.

Wọn kò tíì dá orúkọ ọmọ náà padà fún un lórí àwòrán odò. Ayẹyẹ ti kọjá, wọ́n ti fa ìwé ìpolówó ya, kò sí ẹni tí ó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ó ti ya ẹ̀kẹta. Odò náà ni, àwọn obìnrin mẹ́ta náà ni. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ti nàró, igbá rẹ̀ kún. Ó ní kí n wá àmì òun. Mo wá a pẹ́ kí n tó rí i nínú omi tí ń kán láti etí igbá.