Jígí Tí A Fi Ń Wọn Àkókò

Aago lásán kò lè ka fẹmtosẹ́kọ́ǹdì. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà mílíọ̀nù bílíọ̀nù, ìdá kan ṣoṣo níbẹ̀ ni. Síbẹ̀ òun gan-an ni iṣẹ́ wa ń wọ̀n, ọgbọ́n tí a sì ń dá sí i ló wù mí jù: gígùn ọ̀nà la fi ń mọ àkókò.

Ẹ wo ọlọ́kadà méjì tó gbéra lẹ́ẹ̀kan náà ní géètì Yunifásítì Ìbàdàn (UI), tí eré wọn dọ́gba, tí wọ́n ń lọ sí Dùgbẹ̀. Ọ̀kan gba Sáńgò já sí Mọ́kọ́lá, èkejì yà gba Bódìjà. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà Bódìjà ṣe fi gùn ju ti Sáńgò lọ ti mọ bí èkejì yóò ṣe pẹ́ tó. Báyìí la ṣe ń pín ìmọ́lẹ̀ lésà sí méjì. Ti àkọ́kọ́ á kọ lu aró tí a fẹ́ wádìí. Ti ẹ̀yìn á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá fa jígí tó ń dá ti ẹ̀yìn padà sẹ́yìn ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, ìmọ́lẹ̀ náà á fi nǹkan bíi fẹmtosẹ́kọ́ǹdì 7 pẹ́. Irú ọgbọ́n yìí ni Ahmed Zewail, ọmọ Íjíbítì, fi wo bí mólékù ṣe ń já, tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 1999.

Kẹ́mísírì ni mo kà ní UI nígbà tí mò ń gbé Agbówó. Nínú ẹgbẹ́ olùwádìí tí mo wọ̀ ní Stellenbosch, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn onífísíìsì ló ni lésà. Wọ́n lè to jígí láti àárọ̀ dalẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èmi ni mo mọ ohun tó wà nínú ìgò. Ẹlòmíì ló ń bá kọ̀ǹpútà ṣírò. Àríyànjiyàn wa kì í tán, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Aró ẹlú ni mo gbé wá síwájú wọn. Àwọn aláró wa ti mọ̀ tipẹ́ pé àdìrẹ Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, kì í tètè ṣá lóòrùn. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í pẹ́ lára indigo, mólékù tó wà nínú aró náà. Kí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá tó pé, agbára rẹ̀ ti di ooru. Ọ̀pọ̀ olùwádìí gbà pé háídrójìn tó ń fò láti ara náítrójìn bọ́ sára ọ́síjìn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń fà á.

Indigo ilé iṣẹ́ ló kún ọjà báyìí. Ẹlú gidi máa ń ní indirubin tó pupa nínú, mo sì fẹ́ rí bí ti ilé iṣẹ́ àti ẹlú gidi ṣe ń ṣe lójú lésà. Ẹ̀yin aláró tí ẹ ṣì ń gún ẹlú ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi díẹ̀ pamọ́.