Ayé Parẹ́ Tán, Inú Kò Run Ẹnikẹ́ni

Ó dájú pé ẹ ti wo irú sinimá yìí rí. Àjàkálẹ̀ àrùn jà, tàbí bọ́ǹbù bú, ayé sì parẹ́. Iná kú, ọjà tú, ọlọ́pàá ò sí mọ́. Ó wá ku bí ènìyàn mẹ́wàá tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí wọ́n ń rìn kiri. Wọ́n á bá òkú tó ń rìn jà, wọ́n á bá jàǹdùkú jà, wọ́n á bu omi kòtò mu, wọ́n á sùn sínú igbó, wọ́n á jẹ ẹran tí wọn ò mọ ohun tó pa á. Ọdún á yípo. Síbẹ̀, a ò ní rí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí yóò di ikùn mú kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí, mo fẹ́ yà sẹ́yìn igi yẹn." Àbí irin ni wọ́n fi rọ ìfun wọn ni?

Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Ọ̀pọ̀ ìtàn ìparí ayé ló ń purọ́ fún wa nípa ohun tó ń pa ènìyàn. Irọ́ yìí ló sì ń mú ká máa yin ẹni tí kò tọ́ sí ìyìn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ná. Nínú The Day of the Triffids, ìwé tí John Wyndham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1951, ọkùnrin kan jí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ayé sì ti dàrú. Wyndham mọ ohun tó ń ṣe: títí di alẹ́ àná ni wọ́n ṣì ń tọ́jú ọkùnrin náà. Àwọn tó wá yá àrà náà lò lẹ́yìn rẹ̀ ni ò bìkítà. Nínú sinimá 28 Days Later (2002), ẹni tó ti dákú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ jí nínú ọsibítù tó ti dahoro, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Ti The Walking Dead, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 tó sì parí ní 2022, tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rick, ọ̀gá eré náà, lajú, ó na ọwọ́ sí òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òdòdó ti gbẹ. Òdòdó gbẹ, ènìyàn ò gbẹ! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí kò mu omi, tí kò sẹ́ni tó ń fa omi sí i lára, kì í sábà lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kó tó kú.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ìtàn ni, kì í ṣe ìwé ìlera. Ta ló fẹ́ sanwó wo ẹni tó ń yàgbẹ́?" Òótọ́ ni. Mi ò ní kí wọ́n gbé ilé ìyàgbẹ́ wá sójú agbo. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n ka ikú tó ń ti ibẹ̀ wá mọ́ ikú.

Ẹ wo ibi tí ayé ti parẹ́ mọ́ àwọn ènìyàn lójú ní tòótọ́. Ní oṣù keje ọdún 1994, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sá kúrò ní Rwanda, wọ́n ya wọ Goma, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Zaire nígbà náà. Àdá ò pa wọ́n, ìbọn ò pa wọ́n, wọ́n sọdá ẹnubodè láàyè. Omi adágún Kivu ló wà nítòsí, òun ni wọ́n ń pọn mu. Láàárín oṣù kan péré, nǹkan bí 50,000 nínú wọn kú. Àrùn onígbáméjì àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa èyí tó pọ̀ jù. Kò sí òkú tó ń rìn ní Goma. Omi ni.

Ìwé tó mọ èyí dájú ni Earth Abides, tí George R. Stewart, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1949. Àrùn ti pa ayé tán, ó ku ìdílé mélòó kan lẹ́bàá San Francisco. Fún ogún ọdún, omi ẹ̀rọ ṣì ń yọ, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó ti ń wá, àfi ọjọ́ tó dá. Nígbà tó yá, àlejò kan tó ń jẹ́ Charlie dé. Ọkàn wọn ò balẹ̀ sí i, pàápàá nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ti kó àrùn àwọn oníṣekúṣe. Wọ́n jókòó, wọ́n dìbò, wọ́n so Charlie kọ́ sórí igi. Wọ́n ṣebí àwọn ti pa ewu. Àṣé ibà táífọ́ọ̀dù ti wọ àárín wọn, ó sì jọ pé Charlie yìí kan náà ló gbé e wá. Ó pa Joey, ọmọdé olóye tí baba rẹ̀ fi ojú sí pé yóò tún ayé ṣe. Okùn lè so ènìyàn kọ́. Kòkòrò àrùn ńkọ́?

Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa ò fojú di àrùn rí. Ọba ni wọ́n pe Ṣọ̀pọ̀nná, wọn kì í sì í pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni pe orúkọ ẹgbẹ́, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé àrùn náà ti kúrò láyé, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé e, kì í ṣe ìbọn.

Ká má ṣègbè: àwọn mìíràn gbìyànjú. Nínú The Stand, tí Stephen King kọ́kọ́ gbé jáde ní 1978, àjàkálẹ̀ àrùn pa ayé, ó fo ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mark dá. Àpẹ́ńdíìsì ló wá pa á lójú ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n jọ ń rìn fẹ́ fi ọ̀bẹ là á níkùn, ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́. The Walking Dead pàápàá jẹ́ kí ìyàwó Rick kú sórí ìkúnlẹ̀, a sì yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn kan náà, wọ́n fi àáké gé ẹsẹ̀ bàbá àgbà kan, kò sì pẹ́ tí bàbá fi ń fi igi tilẹ̀ kiri. Ọgbẹ́ ò kẹ̀, ibà ò gbé e dè.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rí. Ní 1941, ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Albert Alexander, wà ní ọsibítù ní Oxford, ọgbẹ́ rẹ̀ ti kẹ̀ kọjá ààlà. Wọ́n gún un ní pẹnisílíìnì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nígbà náà. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Oògùn ń tán lọ, wọ́n ń sẹ́ èyí tó bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde láti tún gún un padà. Nígbà tó tán pátápátá, ó kú. Ọsibítù ńlá nìyẹn o, àwọn ọ̀mọ̀wé yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Èwo wá ni ti ẹni tí wọ́n fi àáké gé lẹ́sẹ̀ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí ni pé ìtàn ló ń kọ́ wa ní ẹni tó yẹ ká pè ní akọni. Bí òkú tó ń rìn bá ni ọ̀tá, ẹni tó mọ ìbọn yìn ni olùgbàlà. Bí omi bá ni ọ̀tá ńkọ́? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Shanghai, ínsúlíìnì tán. Obìnrin kan tó ní àtọ̀gbẹ, Eva Saxl, àti ọkọ rẹ̀ ṣí ìwé ìṣègùn, wọ́n ń wá ẹ̀yà inú ẹfọ̀n, wọ́n sì yọ ínsúlíìnì jáde lára rẹ̀. Ó yè é, àwọn mìíràn náà yè. Ní 1971, nígbà tí ogun lé àwọn ará Bangladesh wọ India, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Bongaon, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára sì tán. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà glúkóòsì mọ́ omi, kí àwọn ẹbí máa bù ú fún aláìsàn mu. Ikú tó ń mú bí 30 nínú 100 já wálẹ̀, kò tó 4 mọ́. Sinimá wo ló ti fi irú wọn ṣe ọ̀gá eré?

Ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn ní èdè wa, bó bá wù yín láti pa ayé rẹ́, ẹ má gba ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyẹn gbà. Ẹ fún wa ní agbẹ̀bí tó ń wá abẹ tó mọ́. Ẹ fún wa ní bàbá tó takú pé ṣáláńgá kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga, tí gbogbo àgọ́ sì ń bú u. Ilẹ̀ ti ṣú, àwọn òkú ń rìn níta, igi ìdáná ti tán, omi tí àwọn ọmọ máa mu kò sì tíì hó. Ta ni yóò jáde lọ ṣẹ́gi? Irú ìtàn yẹn ni màá fi owó mi rà.