Ìkòkò Dídà ní Ṣakí

Alágbẹ̀dẹ ń rọ irin. Adàkòkò ń yọ́ alumíníọ̀mù, ó sì ń dà á. Iṣẹ́ méjèèjì ló wà ní Ṣakí, ìlú kan ní Òkè-Ògùn tí àgbẹ̀dẹ ti mọ́ lára tipẹ́. (Odò Ògùn ni wọ́n fi sọ Òkè-Ògùn lórúkọ, kì í ṣe Ògún onírin, àmọ́ ẹni tó bá ṣì í gbọ́ kò jẹ̀bi púpọ̀.)

Àlòkù ni ìkòkò ti ń wá: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, páànù òrùlé, agolo ohun mímu, ìkòkò tó ti lu. Níwọ̀n bí alumíníọ̀mù ti ń yọ́ ní 660°C, tí irin sì ń fẹ́ tó 1,538°C, inú ìkòkò irin ni wọ́n ń yọ́ ọ, lórí èédú tí fáànù ń fẹ́. Òkè-Ògùn kò sì wá èédú tì.

Ẹni tó bá dúró wo iná nìkan kò tíì rí iṣẹ́ náà. Ìdí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n máa dà á sí ló wà. Wọ́n á fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí ó kúnná, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún. Bí ó bá tú ká, omi kò tó. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá tutù rinrin, omi ti pọ̀ jù, ooru rẹ̀ yóò sì lu ihò sí ìkòkò lára. Èyí tó dára á dì, á gba àmì ìka, á sì ṣẹ́ sí méjì geere.

Ìkòkò àtijọ́ kan ni àwòṣe. Wọ́n á fi eérú kíkúnná pa á lára kí yẹ̀pẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á kó o sínú àpótí onígi, wọ́n á kì yẹ̀pẹ̀ sí inú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á gún un le. Bí wọ́n bá yọ àwòṣe tí wọ́n tún dé àpótí padà, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tó kù ni ìkòkò tuntun. Yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ tó bá já bọ́ síbẹ̀ yóò di ihò. Ibí yìí ni ọ̀gá ti ń yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́: ọ̀gá á kọ́kọ́ fi ìka gbá àwòṣe pẹ́pẹ́ yíká kó tó gbé e.

Wọ́n á ha ìdàrọ́ kúrò lójú alumíníọ̀mù, wọ́n á dà á lẹ́ẹ̀kan láìdúró. Ẹ̀kán omi kan tó bá kó sí i lè mú un fọ́n lu ènìyàn lójú. Bí ó ti ń tutù ló ń súnkì, nítorí náà ìkòkò ọmọ máa ń kéré díẹ̀ sí ìyá rẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 lórí irú ìkòkò yìí ní Kamẹrúùnù fi hàn pé òjé lè ti ara wọn bọ́ sínú oúnjẹ. Àlòkù ni òjé ń bá wọlé. Ṣíṣa àlòkù ṣe pàtàkì ju dídán ìkòkò lọ.

Wọn kì í kun ìkòkò yìí lọ́dà. Ọ̀dà ìyẹ̀fun tí wọ́n ń yan mọ́ férémù wíńdò alumíníọ̀mù ní nǹkan bí 200°C kò lè fara da iná igi. Fáìlì ni wọ́n fi ń ha ẹnu ìkòkò, wọ́n á sì bu omi kún un, kí wọ́n wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ń sun.