Rélùwéè Orí Tábìlì

Ní àríwá Èkìtì wa, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, títí a ó fi kan Ọ̀tùn, kò sí ibi tí ojú irin gbà kọjá. Rélùwéè àtijọ́, tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì wọ Òṣogbo ní 1907, apá ìwọ̀-oòrùn wa ló gbà: ó kọjá ní Ìkìrun àti Ọ̀fà, ó forí lé Ìlọrin àti Òkè Ọya. Lápá ìlà-oòrùn, ọkọ̀ ojú irin Itakpe sí Warri bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2020. Òun náà kò yà sọ́dọ̀ wa. Àárín méjèèjì ni àríwá Èkìtì jókòó sí. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè láti ìhà ibí yóò kọ́kọ́ wọ lọ́rì lọ sí Òṣogbo, Ìkìrun tàbí Ọ̀fà, kó tó dúró de fèrè ọkọ̀.

Síbẹ̀, rélùwéè kan wà tí kì í dúró de àṣẹ ìjọba, tí ilẹ̀ tó ń gbà kò sì ju yàrá kan lọ. Òun ni rélùwéè kékeré tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ ara wọn kọ́ sínú ilé: irin méjì tín-ín-rín lórí pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀ńjìnnì tí àtẹ́lẹwọ́ gbà, kọ́ọ̀ṣì àti wágọ́nù lẹ́yìn rẹ̀, téṣàn, ọjà, òkè, igi, àti àwọn èèyàn tí kò ga tó ìka ọwọ́. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí ohun kan tó wà níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lórí ti ńlá. Kò sì sí ẹni tó lè kọ́ ọ kó dára láìkọ́kọ́ la ojú rẹ̀ wo ti ńlá dáadáa.

Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tó létò. Ní 1891, ilé iṣẹ́ Märklin kó ọkọ̀ ojú irin ìṣeré lọ síbi ìpàtẹ ọjà ní Leipzig, wọ́n sì fi nọ́ńbà sí ìbú irin kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ra ẹ̀ńjìnnì lọ́dún yìí lè ra irin sí i lẹ́ẹ̀míì, kí méjèèjì sì bára mu. Ní 1920, Frank Hornby bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Liverpool. Ní 1935, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò lórí ìwọ̀n tí àwọn ilé iṣẹ́ yóò máa tẹ̀ lé. Èyí tó tóbi jù lọ lónìí wà ní Hamburg, ní Jámánì. Miniatur Wunderland ni wọ́n ń pè é. 2001 ni wọ́n ṣí i, ojú irin rẹ̀ ju kìlómítà 16 lọ, ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ sì lé ní 1,000.

Ìwọ̀n ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní HO, ń pín ohun gbogbo sí ọ̀nà 87, àlàfo àárín irin rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Ó bá ọkọ̀ ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn mu, nítorí mìlímítà 1,435 ni àlàfo ti ìyẹn. Rélùwéè àtijọ́ tó gba Òṣogbo kọjá kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mìlímítà 1,067 ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lè lo irin HO kan náà, àmọ́ yóò pín ilé, ọkọ̀ àti èèyàn sí ọ̀nà 64. Ọgbọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ ń dá ní New Zealand, níbi tí ìbú ojú irin wọn ti bá tiwa àtijọ́ dọ́gba. Ní ìwọ̀n yìí, ẹni tó ga ní mítà 1.7 kò ní tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ṣùgbọ́n kìlómítà kan péré yóò gba nǹkan bíi mítà 15.6. Yàrá wo ló fẹ́ gba Òṣogbo dé Ìkìrun? Yíyàn wá di iṣẹ́ àkọ́kọ́: kí la ó mú, kí la ó fi sílẹ̀, tí ẹni tó mọ Òṣogbo yóò fi wò ó, tí yóò sì sọ pé Òṣogbo ni lóòótọ́?

Ká sọ pé téṣàn ìgbà tí kòkó gbòde la yàn. A ó nílò pèpéle gígùn tí èrò ń dúró sí, ilé téṣàn olórùlé páànù, ilé ẹrù tí àpò kòkó kún inú rẹ̀, àti táǹkì omi gíga fún ẹ̀ńjìnnì tó ń jó èédú Enúgu. Lẹ́yìn téṣàn, a ó to àwọn oníbúkà, àwọn alábàárù, àti bọ́lẹ̀kájà onípákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù dé láti ọ̀nà Ọ̀tùn. Ibi tí bọ́lẹ̀kájà yẹn dúró sí ni Èkìtì ti wọ inú iṣẹ́ náà, pẹ̀lú kòkó tó ń lọ sí èbúté àti obì tó ń lọ sí Òkè Ọya.

Káfíńtà ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Férémù gbọ́dọ̀ tẹ́jú gẹ́lẹ́, a sì gbọ́dọ̀ kun pákó náà tinú tẹ̀yìn, torí èyí tó bá fa omi lákòókò òjò yóò ká, irin orí rẹ̀ yóò sì wọ́. Lẹ́yìn náà la ó to irin. Níbi tí irin kan ti pàdé èkejì, ẹni tó mọṣẹ́ kì í gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Yóò fi ìka yọ̀ kọjá lórí oríkèé náà. Bí ìka bá kọ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà yóò kọ́; yóò wá fi fáìlì rẹ́ ẹ títí yóò fi jọ̀lọ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ àárín irin ló ń gba sùúrù jù. Lẹ́bulẹ́bu òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta la ó fi asẹ́ kù, la ó fi ṣíbí dà sáàárín irin díẹ̀díẹ̀, la ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ kó má gun orí irin. A ó wọ́n omi tí ọṣẹ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ sí i kó lè rin wọnú. Góòmù funfun àwọn káfíńtà, tí a ti fi omi là, la ó wá máa kán sí i láti inú síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, yóò ti le gbagidi, ojú kò sì ní rí góòmù rárá.

Kò sí ìdí láti ra ilẹ̀ àti igi rẹ̀ láti òkè òkun. Erùpẹ̀ pupa ẹ̀bá títì tí a kù ni ilẹ̀. Kànrìnkàn tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sì kùn, ni koríko. Lẹ́bú pákó tí a pa láwọ̀ ewé la ó lẹ̀ mọ́ wáyà tí a lọ́ pọ̀, ó di igi obì. Bébà fàdákà ẹnu agolo mílíìkì, bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín ìyàrun, á di páànù. Bí a bá wá fi ọ̀dà pupa tó ṣú díẹ̀ ra á lára, á di páànù tó ti dípẹtà. Fóòmù la ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ sí àpáta rìbìtì, irú èyí tí ojú wa ti mọ́ nílẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọwọ́ Èkìtì. Olówè ti Ìṣẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́: ọba jókòó lápá kan, lápá kejì àwọn èèyàn ru òyìnbó aṣojú ìjọba. Bí wọ́n ṣe ń rìnrìn àjò nígbà náà gan-an ni Olówè fi igi sọ, kò fo àwọn tó ru ẹrù náà dá. Láti 1924 ni ilẹ̀kùn yẹn ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Ọ̀yẹ́ níbí, láti 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí ilé iṣẹ́ kan. George Bándélé gbẹ́ ère níbẹ̀, Lamidi Fákẹ́yẹ sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọdé wa náà ń fi pòròpòrò àgbàdo àti agolo sadíìnì ṣe mọ́tò, wọ́n ń gé bàtà rọ́bà ṣe táyà. Ọwọ́ tó mọ èyí kò ní ṣòro kọ́ ní ìyókù.

Bí kíkọ́ bá parí, wíwà á ló kù, ibẹ̀ sì ni adùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó kàn ń yí po lásán kì í pẹ́ sú èèyàn. Àwọn tó mọyì rẹ̀ ń fi táìmùtébù wa ọkọ̀ wọn. Wọ́n á gbé aago kan kọ́ tó ń sáré ju aago ọwọ́ lọ, tí wákàtí kan rẹ̀ lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wágọ́nù kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, tí a kọ ohun tó kó, ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ sí.

Lórí tábìlì náà, ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín téṣàn méjì, bó ṣe rí lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rélùwéè àtijọ́ wa. Inú téṣàn nìkan ni ọkọ̀ méjì ti lè yà fún ara wọn. Ọkọ̀ ẹrù ń bọ̀ láti Kánò, ẹ̀pà ló kó, Àpápá ló ń lọ. Ọkọ̀ èrò ti kúrò ní Ìbàdàn, ó ń gòkè bọ̀. Ẹni tó jókòó ti Òṣogbo tẹ bọ́tìnnì kan: irin méjì tó mú ṣóńṣó sún díẹ̀, wọ́n fara ti irin ńlá, oríta ṣí. Ọkọ̀ ẹrù rọra yà sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, wágọ́nù ń tẹ̀ lé wágọ́nù.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa bọ̀?” ni awakọ̀ ọkọ̀ èrò ń bèèrè láti igun yàrá lọ́hùn-ún.

“Dúró ná, àbúrò. Ìrù rẹ̀ kò tíì wọlé tán.”

Ó dá oríta padà, ó tún fojú wọn ìrù ọkọ̀ ẹrù lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó yí sígínà. “Ó yá, máa bọ̀.” Ọkọ̀ èrò wọlé fàkàfíkì, ó sì dúró ní pèpéle. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí yóò mọ ìdí tí ọ̀gá téṣàn ayé ọjọ́un kì í fi í fi àkókò ṣeré, torí àṣìṣe kan ṣoṣo á ti ọkọ̀ méjì sínú ara wọn.

Iná tó ń lò kò pọ̀. Ó ń gba irin kan wọlé, ó ń gba ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé mọ́tò inú ẹ̀ńjìnnì, ó sì ń gba irin kejì padà. Fólítì 12 náà ló sábà máa ń mọ, bátìrì alùpùpù tí a gba iná oòrùn sí sì lè gbé e, bí a bá fi fíúsì àti ohun tó ń darí eré ọkọ̀ sáàárín. Eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, aṣọ mímọ́ gbọ́dọ̀ máa kọjá lórí irin lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Ìmọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ yìí jinlẹ̀. Ní 1946, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ rélùwéè orí tábìlì sílẹ̀. Abẹ́ tábìlì wọn kún fún wáyà àti ohun èlò tẹlifóònù tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ àti oríta. Láti inú ẹgbẹ́ yẹn sì ni díẹ̀ ti jáde lára àwọn tó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà dárà. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sí Ìkọ̀lé. Sígínà tó ń yí fúnra rẹ̀, oríta tó ń gbọ́ràn sí kọ̀ǹpútà lẹ́nu, àwọn ọ̀dọ́ yẹn lè ṣe é. Ẹni tó bá sì fẹ́ wo bí rélùwéè àtijọ́ ṣe rí kó tó gbé ayùn, kó lọ sí Jaekel House ní Èbúté Mẹ́tta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, níbi tí ẹgbẹ́ Legacy 1995 ti ń tọ́jú àwọn àwòrán àti ohun èlò rẹ̀.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin káfíńtà àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó: ẹ wá yàrá kan, ẹ fi téṣàn kan, oríta kan àti ẹ̀ńjìnnì kan bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó wọ rélùwéè rí, nígbà tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa, ẹ bi wọ́n bí téṣàn ṣe rí, ohun tí wọ́n kó lọ àti ohun tí wọ́n kó bọ̀, kí ẹ sì kọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Iṣẹ́ tó ń kọ́ èèyàn ní sùúrù, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìtàn lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. Ọ̀kan nìyí, ó sì yẹ wá.