Àwọn Èrò Tí Kò Sí Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré

Afárá Houphouët-Boigny ní Àbíjàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, jẹ́ afárá tí ó fi nǹkan pamọ́ sínú. Ẹni tí ó bá dúró ní etí ọ̀sà yóò rí mọ́tò àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tí ń kọjá lórí rẹ̀ láàrin Plateau àti Treichville, ṣùgbọ́n kò ní rí ọkọ̀ ojú irin. Inú ikùn afárá náà ni ojú irin gbà, lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ń rìn lókè. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 372. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ kan bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kékeré ní òṣùwọ̀n 1:87, èyí tí í ṣe pé ohun tí ó gùn ní mítà 87 yóò di mítà kan ṣoṣo, afárá yìí nìkan yóò gba mítà mẹ́rin ó lé díẹ̀ lórí tábìlì. Ọkọ̀ tí ó sì tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà náà yóò máa kọjá nínú òkùnkùn, níbi tí òǹwòran kankan kò ti ní fojú kàn án. Ṣé kí ó la ẹ̀gbẹ́ afárá sílẹ̀ kí ojú lè rí inú ni, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì di irọ́ díẹ̀? Àbí kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti rí, kí ó jẹ́ pé ariwo nìkan ni àwọn ènìyàn yóò máa gbọ́?

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fi kíkọ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré gbafẹ́ máa ń bá wọ̀yá ìjà. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe eré ọmọdé mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀. Ilé iṣẹ́ Märklin ti Jámánì ni ó pàtẹ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí ìbú irin rẹ̀ ní ìwọ̀n pàtó ní ọjà ńlá Leipzig ní 1891. Frank Hornby bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1920. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n ń kan pákó pọ̀ di tábìlì gbọọrọ, wọ́n ń to irin lé e, wọ́n ń fi páálí mọ ilé, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ̀bú igi tí wọ́n ti pa láró mọ́lẹ̀ kí ó lè jọ koríko, wọ́n sì ń fi ọ̀dà ba ẹwà ẹ̀ńjìnnì tuntun jẹ́ kí ó lè jọ èyí tí òjò àti èéfín ti fìyà jẹ. Ẹlòmíràn á lo ogún ọdún lórí tábìlì kan. Nígbà tí ó bá tó gẹ́ẹ́, á gbé e lọ sí ìpàtẹ, kí àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà lè tẹ̀ síwájú, kí wọ́n sì fi ojú wọn wọ̀n ọ́n.

Ojú tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣùwọ̀n tí ó gbajúmọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní OO, ní àbùkù kan tí gbogbo wọn mọ̀. Ara ọkọ̀ wà ní 1:76, ṣùgbọ́n mìlímítà 16.5 ni ìbú irin abẹ́ rẹ̀, èyí tí ó fi mìlímítà méjì ó lé díẹ̀ dín sí bí ó ti yẹ. Àwọn kan ti fi ọjọ́ orí wọn jìjàkadì lórí mìlímítà méjì yìí. Wọ́n ń tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, wọ́n ń to irin tiwọn fúnra wọn, wọ́n sì ń ka iye ìṣó tí ó wà lára ẹ̀ńjìnnì. Ìjà náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí ẹni tí kò bá bìkítà fún ìwọ̀n kò ní iṣẹ́ ní ìdí ẹ̀dà kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ka ìṣó pé, tí kò ka ènìyàn, irú òtítọ́ wo ni ó sọ?

Láti Àbíjàn dé Ouagadougou, ojú irin náà tó kìlómítà 1,145. Ní 1:87, yóò ju kìlómítà 13 lọ. Kò sí ẹni tí ó ní yàrá bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Nítorí náà, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ yàn: ibùdókọ̀ wo, ọdún wo, wákàtí wo, ta ni yóò wà níbẹ̀, ta ni kò ní sí. Yíyàn yìí gan-an ni iṣẹ́ ọnà rẹ̀, ó sì yẹ kí lámèyítọ́ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó mú ìwọ̀n jáde.

Roye England mọ èyí. Ọmọ Ọsirélíà ni, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1925, ó sì rí i pé àwọn ilé oníkoríko àtijọ́ ní àfonífojì White Horse ń pòórá lójú ẹni tí ń wò wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilé, ó ń ṣe ẹ̀dà wọn ní kékeré, títí ó fi dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon sílẹ̀ ní 1954. Ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni olórí. Ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìn ilé, ògiri tí ọ̀dà ti ń bó lára rẹ̀, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ti gbẹ́ ní ihò: àwọn ni wọ́n mú ènìyàn dúró pẹ́. England kò fi ẹ̀ńjìnnì ṣe ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù pé ìgbé ayé kan yóò kọjá lọ láìsí ẹlẹ́rìí ni ó mú un kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí Pendon fi dára ju ọ̀pọ̀ tí ó tóbi jù ú lọ.

Miniatur Wunderland ní Hamburg ni ó tóbi jù. Àwọn ìbejì kan, Frederik àti Gerrit Braun, ni wọ́n ṣí i ní 2001. Irin tí wọ́n ti tò síbẹ̀ ju kìlómítà 15 lọ, ìyẹn ni pé ó tó láti na gbogbo ọ̀nà Àbíjàn sí Ouagadougou ní òṣùwọ̀n 1:87, kí ó sì ṣẹ́ kù. Àwọn ènìyàn kékeré ibẹ̀ ju 200,000 lọ. Jámánì, Ọ́stríà, Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Swítsàlandì àti Ítálì wà níbẹ̀. Rio de Janeiro dé ní 2021, Patagonia dé ní 2023, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti Argentina sì kópa nínú rẹ̀, èyí tí ó hàn lára iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo apá tí wọ́n ṣí títí di ọdún náà, kò sí ti Áfíríkà. Kò yẹ kí a sunkún nítorí èyí. Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe é lọ́la, kí ni wọn yóò kó síbẹ̀?

Ní 1904 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin Àbíjàn láti etí ọ̀sà. Ó dé Bouaké ní 1912, Bobo-Dioulasso ní 1934, Ouagadougou ní 1954. Iṣẹ́ tipátipá ni wọ́n fi kọ́ apá púpọ̀ nínú rẹ̀: ìjọba Faransé ń kó àwọn ọkùnrin kúrò ní abúlé wọn, títí kan àwọn Mọ́sí láti òkè, wá gé igbó, wá ru òkúta. Òfin tí ó fòpin sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1946 ni Houphouët-Boigny gbé lọ sí ilé aṣòfin ní Paris, ọdún mọ́kànlá ṣáájú afárá tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin jákèjádò ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà daṣẹ́ sílẹ̀. Ti Àbíjàn padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1948, nígbà tí àwọn ará Dakar ṣì ń jà á lọ títí di oṣù kẹta. Àwọn Ànàgó tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pe àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí àwọn ọmọ Èjìgbò sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n tẹ̀lé irin náà wọ inú ilẹ̀ lọ, wọ́n ń tẹ́ àtẹ wọn sí Agboville, Dimbokro àti Bouaké. Ojú irin yẹn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èjìgbò fi ń ka ìtàn àwọn òbí wọn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kó àwọn wọ̀nyí sórí tábìlì yóò kọ́kọ́ lọ sí ìdí àpótí tí wọ́n ti ń ta ènìyàn kékeré. Ilé iṣẹ́ Preiser ní Jámánì lókìkí nídìí èyí, iṣẹ́ wọn sì mọ́. Arìnrìn-àjò tí ó gbé àpótí dání wà, òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ tí ó dé fìlà wà, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé pẹ̀lú aṣọ funfun wà. Ẹni tí ó bá ń wá obìnrin tí ó pọ̀n ọmọ, tí ó ru igbá, tí ó sì na ọwọ́ sókè sí fèrèsé ọkọ̀, yóò wá a pẹ́. Báyìí ni ó ṣe rọrùn láti kọ́ ojú irin Áfíríkà tí ó kún fún igbó tútù, ẹ̀ńjìnnì tí ń dán, àti ọ̀gá òyìnbó kan tí ó dúró níwájú ibùdókọ̀, tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ lè pé pérépéré. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó yóò rò pé ìrìn-àjò àárọ̀ kan ni ìjọba amúnisìn, àti pé irin náà ti ilẹ̀ hù bí olú ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pàtẹ tún dá kún un. Òfin tí kò ní ìwé nínú ìpàtẹ ni pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ. Bí ó bá dúró ju ìṣẹ́jú méjì, òǹwòran á yí sẹ́yìn. Lójú ọ̀nà Àbíjàn, ìdúró ni ìtàn. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ni ibùdókọ̀ di ọjà: àtíẹ́kẹ́ nínú ewé tàbí ọ̀rá, ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, omi tútù, owó tí ń gba ojú fèrèsé bọ́ sílẹ̀, ṣéńjì tí kò tíì pé nígbà tí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà tí ogun abẹ́lé dá ọkọ̀ dúró ní oṣù kẹsàn-án 2002, kì í ṣe ẹ̀ńjìnnì nìkan ni ó dákẹ́. Àgbékalẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í dúró kò lè sọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ dúró.

A lè jiyàn pé Bodys Isek Kingelez ti Kinshasa, tí ó kú ní 2015, kọ́ gbogbo ìlú sórí tábìlì pẹ̀lú páálí, ìdérí ìgò àti agolo, kò sì fi ènìyàn sí i, síbẹ̀ ayé ń kan sáárá sí i láti ìgbà ìpàtẹ Magiciens de la terre ní Paris ní 1989. Àríyànjiyàn náà kò dúró. Ìlú tí kò tíì sí ni Kingelez kọ́. Ó fi ìgboro rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo fún àwọn tí ń bọ̀. Ojú irin Àbíjàn ti wà, àwọn tí ó kún inú rẹ̀ ti wà. Yíyọ wọn kúrò yàtọ̀ sí dídúró dè wọ́n.

Ọwọ́ tí yóò gbẹ́ wọn kò sì ṣọ̀wọ́n. Ní Ọ̀wọ̀, láti àwọn ọdún 1930, ni J. D. Akeredolu ti ń fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ènìyàn tí kò ju ìka ọwọ́ lọ: ẹni tí ń gún iyán, ẹlẹ́mu, oníṣòwò. Àwọn Baoulé tí irin náà gba ilẹ̀ wọn kọjá ti ń gbẹ́ ère kékeré tí wọ́n ń kùn ní ọ̀dà, akọ̀wé, ṣọ́jà, nọ́ọ̀sì, ó ti pẹ́. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó nídìí tábìlì rẹ̀, lọ́yà àti àlùfáà, ó sì fi yíǹkì pupa àti dúdú kùn wọ́n. Nígbà tí William Bascom wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó ní rárá, bí òun ti ń rí wọn ni.

Níbí ni aláwọ̀n yóò ti pariwo. Orí àwọn ère Ona tóbi. Gbígbẹ́ ère Yorùbá máa ń fún orí ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin gbogbo ara, nítorí ohun tí orí jẹ́ fún ẹni tí ó rù ú. Bí a bá gbé irú ère bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ńjìnnì tí ó wà ní 1:87 gẹ́lẹ́, ọ̀kan nínú méjèèjì yóò jọ àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ère ni yóò tẹrí ba. Àwọn tí wọ́n ti gba irin OO láyè láti kéré fún ọgọ́rin ọdún lè gba orí láyè láti tóbi. Ìyàtọ̀ ni pé ti irin jẹ́ ìfaradà lásán, nígbà tí ti orí ní ìtumọ̀.

Àwọn ìṣòro mìíràn kéré. Ọ̀rinrin Àbíjàn yóò mú pákó wú, irin yóò sì wọ́. Èyí ní oògùn. Ọ̀sà ṣeé fi fáníìṣì dà. Erùpẹ̀ pupa wà lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ tí a kù dáradára sàn ju èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò lọ.

Ó ku ti afárá. Ó dára jù kí oníṣẹ́ má ṣe la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ọkọ̀ wà nínú òkùnkùn rẹ̀, kí tábìlì máa gbọ̀n díẹ̀ bí ó bá ń kọjá, kí ojú sì wà lókè, lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Treichville. Ní òṣùwọ̀n yẹn, obìnrin kan yóò ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Abọ́ àtíẹ́kẹ́ orí rẹ̀, tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 ní ọjà, kò ní tó mìlímítà márùn-ún; ẹ̀kán ọ̀dà kan láti ẹnu abẹ́rẹ́ ti tó láti kún un.